Sauerbraten: Ṣé Inú Fínígà ni Adùn Rẹ̀ Wà, àbí Inú Ìkòkò?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Jámánì, ẹran tí wọn yóò jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ti wà nínú fínígà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Odindi ẹran màlúù ni, kìlógírámù 1.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kò gé wẹ́wẹ́. Wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ sínú fínígà, wáìnì pupa àti omi, pẹ̀lú iyọ̀, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, bay leaf, kànáfùrù, hóró black pepper àti èso kékeré dúdú kan tó ń ta sánsán tí wọ́n ń pè ní juniper. Tó bá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sè é, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á fi òróró díẹ̀ dín in títí tọ̀tún tòsì rẹ̀ yóò fi pọ́n. Omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ náà ni wọ́n á dà lé e lórí, wọ́n á dé ìkòkò, wọn á sì jẹ́ kí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ máa sè é fún nǹkan bíi wákàtí 3. Ọbẹ̀ dúdú kan tó kan díẹ̀, tó sì dùn díẹ̀, ló máa ń ti inú ìkòkò náà jáde. Sauerbraten ni wọ́n ń pe oúnjẹ yìí.

Àríyànjiyàn tó wà lórí bí a ṣe ń sè é kò kéré. Ọjọ́ mélòó ni kí ẹran fi wà nínú fínígà? Ṣé ká kọ́kọ́ se omi tí a fẹ́ fi rẹ ẹ́ ni, àbí ká dà á sí i ní tútù? Ẹran itan ló yẹ, àbí ti èjìká? Ṣé ó tọ́ kí èso àjàrà gbígbẹ wọ inú ọbẹ̀? Ará Köln á ní bí kò bá sí i níbẹ̀, kì í ṣe Sauerbraten. Ará Stuttgart á ní kí ni èso dídùn ń wá nínú ọbẹ̀ ẹran. Àwọn kan ń gbèjà ọjọ́ 10, àwọn mìíràn ní ọjọ́ 2 ti pọ̀ tó. Nígbà tí mo gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ iye ọjọ́ yìí ti gba àyè ju bó ṣe yẹ lọ. Fínígà ń fún ẹran ládùn, ó sì ń ran iná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iná ló ń mú ẹran rọ̀. Ẹni tó bá ra ẹran tó tọ́, tó jẹ́ kí iná rẹ̀ kéré, tó sì fara balẹ̀ tọ́ ọbẹ̀ wò, Sauerbraten rẹ̀ yóò dára, ì báà rẹ ẹ́ fún ọjọ́ 3 péré.

Kí a tó dé ìdí ààrò, ó yẹ ká yanjú ọ̀rọ̀ ìtàn, nítorí àhesọ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé Julius Caesar ló fi ẹran tí wọ́n rẹ sínú wáìnì ránṣẹ́ kọjá òkè Alps sí ìlú Köln, pé ibẹ̀ ni àwọn ará Jámánì ti kọ́ ọ. Ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n pa Caesar. Ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Jésù ni ìjọba Róòmù sọ Köln di Colonia, ìyẹn ìlú tó gba orúkọ àti ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlú tí wọ́n ní ó fi ẹran ránṣẹ́ sí kò tíì sí nígbà ayé rẹ̀. Àwọn mìíràn ní Charlemagne ni, ọba ńlá tí wọ́n sin sí Aachen ní 814. Àwọn kan tún dárúkọ Albertus Magnus, àlùfáà onímọ̀ tó kú sí Köln ní 1280. Kò burú kí ìlú fi ọba tàbí ẹni mímọ́ ṣe baba oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú abọ́ náà lónìí. Pòtétò tí wọ́n fi ń ro bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sì dé Yúróòpù àfi lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492. Ó di 1756 kí Frederick Kejì, ọba Prussia, tó pàṣẹ pé kí àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ máa gbìn ín. Ṣúgà tí wọ́n ń rí lára bíìtì, tí omi dúdú rẹ̀ ń mú ọbẹ̀ náà dùn ní ẹkùn odò Rhine, Andreas Marggraf ló kọ́kọ́ fi hàn ní Berlin ní 1747 pé ó wà nínú bíìtì. Ọdún 1801 ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Franz Karl Achard, kọ́ ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ń yọ ọ́ ní Silesia. Bí Charlemagne bá jẹ ẹran tí wọ́n rẹ sínú ohun kíkan rárá, kò jẹ irú èyí tí à ń sọ.

Ìdí tí fínígà fi bá ẹran pàdé kò fara sin. Kò sí fíríìjì. Ẹni tó bá pa ẹran tó tóbi ní láti wá ohun tí yóò fi pa á mọ́: iyọ̀, èéfín, tàbí ohun kíkan. Àwọn ọdún 1870 ni Carl von Linde, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù tó ṣeé gbọ́kàn lé, àwọn ilé ìpọntí ní Munich ló sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ó tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó wọ ilé ìdáná àwọn mẹ̀kúnnù. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó nílò fínígà láti pa ẹran mọ́ mọ́. Àwọn èèyàn ṣì ń rẹ ẹran sínú rẹ̀ nítorí pé ahọ́n wọn ti mọ́ adùn náà. Èmi kì í fojú kékeré wo irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí ayé fẹ́ràn jù ló ti inú ọgbọ́n ìpamọ́ oúnjẹ wá.

Ìdí kejì ni pé ẹran ọ̀hún máa ń le. Kì í ṣe ọ̀dọ́ màlúù ni àwọn tálákà ń jẹ nígbà náà. Màlúù tó ti fún wàrà títí tó fi gbẹ ni, tàbí akọ màlúù tó ti túlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ẹkùn odò Rhine, ẹṣin ni. Ẹṣin tó ti fa ọmọlanke àti ẹrù títí agbára rẹ̀ fi tán ni alápatà ń rà, ẹran rẹ̀ sì le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dùn díẹ̀ lẹ́nu ju ti màlúù lọ. Ìjọ Àgùdà kò fẹ́ ẹran ẹṣin láti ìgbà pípẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 732, Póòpù Gregory Kẹta kọ̀wé sí Boniface, míṣọ́nnárì ilẹ̀ Jámánì, pé kí ó fòpin sí jíjẹ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹran náà kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Títí di òní, àwọn ilé oúnjẹ kan wà ní Köln àti agbègbè rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fi ẹṣin ṣe Sauerbraten, wọ́n á sì kọ ọ́ sára ìwé oúnjẹ wọn bóyá ti ẹṣin ni tàbí ti màlúù, kí oníbàárà lè mọ ohun tó ń rà. Ìwà òótọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n rí ẹran ẹṣin nínú oúnjẹ inú páálí tí wọ́n ń tà bí ẹran màlúù káàkiri Yúróòpù ní 2013, ìbínú àwọn aráàlú kì í ṣe nítorí ẹṣin nìkan; wọ́n bínú pé wọ́n tan àwọn jẹ.

Ní ti bí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń sè é, ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Ẹkùn odò Rhine fẹ́ kí ó dùn: èso àjàrà gbígbẹ, omi ṣúgà bíìtì dúdú tí wọ́n ń pè ní Rübenkraut, àti Printen, bisikíìtì líle olóòórùn tí Aachen fi lórúkọ. Wọ́n á lọ Printen náà, wọ́n á dà á sínú omi ẹran, òun ni yóò mú ọbẹ̀ náà ki. Ṣúgà bíìtì kò sì ṣàdédé gbilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Napoleon fi òfin 1806 dènà ọjà Gẹ̀ẹ́sì kí ó má wọ Yúróòpù, ṣúgà ìrèké láti òkè òkun di ọ̀wọ́n, ti bíìtì ló sì gba ipò rẹ̀. Nürnberg àti gbogbo Franken náà ń lo bisikíìtì olóòórùn, tiwọn ni Lebkuchen, wọ́n tilẹ̀ ń ṣe oríṣi kan tó jẹ́ ti ọbẹ̀ nìkan. Ojú ọ̀nà àwọn oníṣòwò èròjà ni Nürnberg wà láti ayébáyé, ìdí nìyẹn tí kànáfùrù àti àwọn èròjà òkèèrè mìíràn fi di ara oúnjẹ wọn. Ní Schwaben, wọn kì í fi bisikíìtì sí i. Ọbẹ̀ tiwọn máa ń kan jù, wọ́n sì ń fi nudù àfọwọ́ṣe tó ń jẹ́ Spätzle jẹ ẹ́. Westfalen àti àwọn apá ibì kan ní àríwá a máa rẹ ẹran sínú wàrà kíkan dípò fínígà. Baden ń fi wáìnì tirẹ̀ sí i, Thüringen àti Sachsen kò sì lè jẹ ẹ́ láìsí bọ́ọ̀lù pòtétò. Nínú gbogbo rẹ̀, ti Rhine ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé òun nìkan ni ìkan àti adùn ti ń bá ara wọn jà lẹ́nu títí ẹni tó ń jẹun yóò fi gbé e mì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ rírẹ. Ẹran jẹ́ okùn tín-ín-rín-tín-ín-rín tó pọ̀ jọ, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì dì wọ́n pọ̀, bí okùn ṣe ń di ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Awọ yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní collagen, ló ń mú ẹran le. Bí ẹran bá ṣe dàgbà sí, tó sì ṣe ṣiṣẹ́ sí nígbà ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awọ náà ṣe ń yi sí i. Ohun kíkan a máa sọ ọ́ di aláìlágbára díẹ̀, tó fi jẹ́ pé tí a bá gbé e kaná, ó máa ń tètè yọ́. Títí débẹ̀, àwọn agbèjà fínígà jàre. Ṣùgbọ́n fínígà kì í sáré wọ inú ẹran. Bí a bá rẹ odindi ẹran kìlógírámù 1.5 fún ọjọ́ 3, tí a wá là á sí méjì, ojú á rí i: etí rẹ̀ á ti pàwọ̀ dà, á ti funfun ràndànràndàn, àárín rẹ̀ á ṣì pupa gẹ́gẹ́ bó ṣe kúrò lọ́wọ́ alápatà. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 10, etí yẹn á fẹ̀ sí i, àmọ́ ẹ̀yìn ẹran náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ìyẹ̀fun lẹ́nu, kò ní yi, kò sì ní lómi. Iyọ̀ ló ń tètè wọlé jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú omi náà. Òórùn kànáfùrù, bay leaf àti juniper kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ara ẹran.

Èyí kò sọ pé èròjà wọ̀nyẹn ṣòfò. Omi tí a fi rẹ ẹran ni yóò di ọbẹ̀, inú rẹ̀ sì ni gbogbo òórùn wọn wà. Ẹni tó bá da omi náà nù lẹ́yìn tó yọ ẹran, tó wá fi omi lásán sè é, ti da Sauerbraten rẹ̀ nù. Nítorí náà, ọjọ́ 3 sí 4 ni mo fara mọ́. Ó tó kí etí ẹran gba ìkan, ó tó kí iyọ̀ wọlé, kò sì tíì tó kí ara rẹ̀ bàjẹ́.

Bí a ṣe ń po omi náà ló yẹ kí á kíyè sí. Fún kìlógírámù 1.5, mílílítà 250 fínígà wáìnì pupa, 500 wáìnì pupa, àti 250 omi ti tó. Ẹni tí kì í fọwọ́ kan ọtí, yálà Mùsùlùmí ni tàbí Kristẹni, kò pàdánù ohun kan: fínígà àti omi nìkan, ìdá 1 fínígà sí ìdá 2 omi, jẹ́ ìlànà àtijọ́ tí kò sí ará Jámánì tí yóò sọ pé kì í ṣe tiwọn. Ó yẹ kí ẹ wo iye ìkan tí wọ́n kọ sára ìgò. Fínígà wáìnì ní Yúróòpù kì í dín ní ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù Jámánì tún ń ta ohun kan tó ń jẹ́ Essigessenz, èyí tí ìkan rẹ̀ tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Ife 1 rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ife 4 omi pàdé kí ó tó dọ́gba pẹ̀lú fínígà tí a mọ̀. Kí ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ní Hamburg tàbí Berlin má ṣe gbé ìgò yẹn lórí igbá kí ó sì dà á lé ẹran bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń se omi náà ṣáájú àti àwọn tí kì í sè é, àwọn méjèèjì ló ní ìdí. Ooru máa ń fa òórùn èròjà jáde dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi wà lẹ́yìn àwọn tó ń sè é. Ṣùgbọ́n omi náà gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí ó tó kan ẹran. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀yìn ẹran, á sì tún fún kòkòrò àìfojúrí láyè láti pọ̀. Abọ́ gíláàsì, tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Fínígà a máa jẹ álúmíníọ̀mù àti irin lásán, ọbẹ̀ á wá ní adùn irin. Kí omi bo ẹran, kí ẹ sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Inú fíríìjì tí kò gbóná ju 4°C lọ ló yẹ kó wà. Níbi tí iná mànàmáná kì í dúró, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹ má ṣe tẹ̀ lé ìwé tó ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ rẹ ẹ́ ní alẹ́, kí ẹ sè é lọ́jọ́ kejì. Fínígà tí a ti fi omi là kò lágbára tó láti pa ẹran mọ́ nínú ooru tiwa.

Ẹran wo? Mo ní èjìká. Itan ni ọ̀pọ̀ ìwé ń dárúkọ nítorí pé ó ṣeé gé dọ́gbadọ́gba, ó sì dùn ún wò lórí abọ́, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ gbẹ, kò ní iṣan, kò ní ọ̀rá. Àwọn àgbà alásè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi abẹ́rẹ́ gígùn ki ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Èjìká ní iṣan tirẹ̀. Àwọn alápatà Jámánì ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Schaufelstück, tí iṣan kan gba àárín rẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Lẹ́yìn wákàtí 3 lórí iná, iṣan náà á ti yọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ètè, òun ló sì ń mú ọbẹ̀ dán. Ẹran màlúù tiwa nílé, tó máa ń yi nítorí pé màlúù náà ti dàgbà, tó sì ti rìn, yẹ fún irú sísè yìí ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ sọ fún alápatà pé kí ó gé èjìká fún yín ní odindi, kí ó má ṣe bẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́.

Èrò kan wà tó ti pẹ́ gan-an pé ìdí tí a fi ń dín ẹran ṣáájú ni kí omi inú rẹ̀ má baà jáde. Justus von Liebig, ọ̀gá onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ló sọ èrò náà di ńlá nínú ìwé tó kọ lórí ẹran ní 1847: ó ní ooru líle á mú kí ẹ̀yìn ẹran dì, á sì ti omi mọ́ inú. Orúkọ rẹ̀ tóbi débi pé ilé ìdáná Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbà á gbọ́ fún ìran púpọ̀. Etí lásán tó láti já a. Ariwo ṣáá-ṣáá tí ẹran ń pa nínú òróró gbígbóná, omi inú rẹ̀ tó ń jáde tó sì ń di ooru ni, ariwo náà kì í sì í dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ̀yìn ẹran bá ti pọ́n. Ohun tí dídín ń ṣe ni ohun tí Louis-Camille Maillard, ará Faransé, ṣàlàyé ní 1912: ooru á mú kí ṣúgà àti èròjà protein tó wà lára ẹran para pọ̀ di àwọ̀ dúdú àti òórùn tuntun. Nítorí òórùn yẹn ni ẹ ṣe ń dín in. Ẹ gbọ́dọ̀ nu ẹran gbẹ ṣáájú, nítorí ẹran tó bá tutù á kàn máa hó nínú omi ara rẹ̀ ni, kò ní pọ́n. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dín àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì inú omi náà lẹ́yìn rẹ̀, kí ìdí ìkòkò má baà jó.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ṣùgbọ́n iná líle kọ́ ni a ó fi gba ti ẹran yìí. Láti nǹkan bíi 70°C sókè ni collagen ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó sì gba àkókò. Ooru kan náà ló sì ń fún omi jáde nínú okùn ẹran. Bí ìkòkò bá ń hó gùdùgùdù, omi á ti jáde tán kí awọ tó yọ́. Ẹran á wá máa já ní fọ́nrán-fọ́nrán, síbẹ̀ yóò gbẹ lẹ́nu. Ófùn tó wà ní 150°C ló dára jù, pẹ̀lú ìdérí tó dé dáadáa. Lórí gáàsì, ẹ jẹ́ kí iná kéré débi pé ojú omi yóò kàn máa ru sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Omi kò gbọ́dọ̀ bo ẹran. Kó dé ìdajì rẹ̀ tó, kí ẹ máa yí i padà. Wákàtí 2 àbọ̀ sí 3 àbọ̀ ni, ó kù sí ọwọ́ ẹran. Fọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi dán an wò: bí ó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, tó sì jáde láìgbé ẹran dání, ó ti jinná. Ìkòkò olóoru, tí à ń pè ní pressure cooker, á sọ ọ́ di wákàtí 1 tàbí díẹ̀ lé, ẹran á sì rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé omi kì í dínkù nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ ní láti ṣí i kí ẹ sì jẹ́ kí ọbẹ̀ gbẹ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ẹran. Fún ẹni tí gáàsì ń ná lówó, mi ò rí ìdí tí kò fi yẹ kó lò ó.

Tí ẹran bá jinná, ẹ gbé e sínú abọ́, kí ẹ bò ó, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Àsìkò yìí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹ sẹ́ omi inú ìkòkò, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ẹ̀fọ́ inú asẹ́ kí gbogbo adùn rẹ̀ jáde. Ẹ tọ́ ọ wò. Yóò kan, yóò kan gan-an, ọkàn yín lè fò. Ẹ má tíì fi ṣúgà sí i. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kaná láìdé e, kí ó gbẹ díẹ̀, nítorí bí omi ṣe ń dínkù ni iyọ̀ ń le sí i, ohun tí ẹ bá sì ti fi sí i kò ṣeé yọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ run bisikíìtì olóòórùn sí i, gíráàmù 60 sí 80, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan yóò dà bíi pé kò yí padà, lẹ́yìn náà ni ọbẹ̀ á ki lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú, á sì máa dán. Àjàrà gbígbẹ, ẹ̀kún ọwọ́ kan, wọlé báyìí. Omi ṣúgà bíìtì tàbí oyin ló kẹ́yìn, ṣíbí 1, kí ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Ó ti tó nígbà tí ẹnu bá kọ́kọ́ gbọ́ ìkan, tí adùn tẹ̀ lé e, tí kò sì sí èyí tó pẹ́ ju èkejì lọ. Kò sí ìwé tó lè sọ iye ṣíbí fún yín, nítorí fínígà yàtọ̀ sí fínígà. Ibí yìí ni mo ti rí ọ̀pọ̀ Sauerbraten tó bàjẹ́: ẹran rọ̀, ọjọ́ rírẹ pé, ṣùgbọ́n ẹni tó sè é kò tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ẹ gé ẹran náà lòdì sí bí okùn rẹ̀ ṣe tò, kí ó nípọn tó ìka ọmọdé, kí ẹ tó bu ọbẹ̀ lé e.

Ohun tí a ó fi jẹ ẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kábéèjì aláwọ̀ àlùkò tí a sè pẹ̀lú ápù àti kànáfùrù ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ tètè fi fínígà sí i, nítorí láìsí ohun kíkan, àwọ̀ rẹ̀ á di búlúù. Bọ́ọ̀lù pòtétò gba sùúrù: omi rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hó líle, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tú, tó bá léfòó, ó ku díẹ̀ kó jinná. Ní Thüringen, wọ́n máa ń ki búrẹ́dì díndín kékeré sí àárín rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí àyè fún gbogbo ìyẹn, pòtétò sísè lásán kò bu oúnjẹ náà kù.

Àwọn ará Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà gbé Sauerbraten lọ́wọ́. Ní New York, ilé oúnjẹ Lüchow's, tí August Lüchow dá sílẹ̀ ní òpópónà 14th Street ní 1882, sọ ọ́ di ohun tí àwọn tí kì í ṣe ará Jámánì náà ń wá jẹ. Lebkuchen àti Printen kò wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún, ni àwọn ìyàwó ilé bá fi gingersnap, bisikíìtì alátalẹ̀ tó gbẹ, dípò rẹ̀. Àwọn kan ní Jámánì kò ka ìyẹn sí Sauerbraten gidi. Èmi kò bá wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ tí bisikíìtì ń ṣe nínú ọbẹ̀ ni kí ó mú un ki, kí ó fún un ní òórùn èròjà àti adùn díẹ̀; èyí tí atalẹ̀ wà nínú rẹ̀ ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni ẹran tí wọ́n ti rẹ tẹ́lẹ̀ sínú àpò náílọ́ọ̀nù, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ń tà báyìí. Itan ni ó sábà máa ń jẹ́, a kò mọ iye ọjọ́ tó ti lò nínú fínígà, omi tó wà pẹ̀lú rẹ̀ a sì máa kan ju ohun tó yẹ ká fi ṣe ọbẹ̀ lọ. Owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ pọ̀ fún iṣẹ́ tí ìkòkò kan àti ọjọ́ díẹ̀ lè ṣe nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, bí ẹ kò bá rí juniper, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ fi kànáfùrù 1 tàbí 2 kún ti tẹ́lẹ̀. Bí Printen kò bá sí, bisikíìtì alátalẹ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yín tó. Bí owó bá pọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ná an sórí èjìká tó dára, ẹ má ná an sórí wáìnì olówó ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, tí fíríìjì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ó rẹ ẹran rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú, kí ó sì pa omi rẹ̀ mọ́ de ọbẹ̀.